Ìjókòó Iwájú

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pàtẹ àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí mo ṣe gbóòórùn pẹtiróòlù àti awọ ìjókòó, iwájú ilé wa ní Ọ̀jọ́ ni ọkàn mi lọ.

Bàámi, tí wọ́n ṣe dírẹ́bà nínú ogun Bọma, tún ọkọ̀ kan tí àwọn sójà pa tì ṣe. Wọ́n fi àdí àgbọn nu ìjókòó rẹ̀ títí ó fi ń dán. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé e síta, àwọn èèyàn wá wò ó láti Ìbà. Mo wọ aṣọ ọdún mi, mo ń retí kí Bàámi gbé mi síwájú. Sídí, ọmọ ìyá alágbọn ẹ̀yìnkùlé wa, ni wọ́n gbé síbẹ̀.

“Bàámi, èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn ni kóo lọ. Ààyè Sídí nìyẹn.”

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo já a léèékánná. Kò sunkún. Ó kàn ń gbóòórùn àdí ìjókòó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti bímọ kí n tó gbọ́ pé orí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi, ni ìbọn ti pa bàbá Sídí ní Bọma.

“Màmá, ẹ bọ́ sí ìjókòó iwájú, kí n ya yín ní fọ́tò,” ni ọmọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wí.

Ìlara náà ò tíì tán nínú mi. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni mo lọ jókòó sí.