Oṣù Tí Mo Fi fún Táyé

Òórùn páálí tuntun ni ó jí ọ̀rọ̀ yìí lójú oorun. Ní àárọ̀ àná, ọmọbìnrin Kẹ́yìndé, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, kúnlẹ̀ kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé àpò ìwé onípáálí kan lé mi lọ́wọ́. Ọdún yìí ni yóò ṣe bákì, ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láìyege nínú rẹ̀.

"Bàbá mi ní kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e lọ."

Ojú mi kò lọ sí máàkì rẹ̀. Ìwé ìbí rẹ̀ ni mo wá, mo sì ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó lè mọ ìdí rẹ̀, mo ní láti padà sí ọdún tí èmi náà wà ní kíláàsì àṣekágbá. Kẹ́yìndé àti Táyé, ìbejì láti Akofodjoulè, ni a jọ ń gbé yàrá kan nísàlẹ̀ òkè ní Dassa, níbi tí àpáta ti sún mọ́ ògiri débi pé ooru ọ̀sán kì í kúrò lára wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ń gbé iṣu wá láti oko, èmi ń là wọ́n lọ́yẹ̀ nínú èdè Faransé. Mo rò pé wọ́n mọ ìṣirò jù mí lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ìgbà náà kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́.

Lọ́dún náà, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìwé ìbí kò ní forúkọ sílẹ̀ fún bákì. Inú ilé ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wa sí, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá àwọn ìbejì, àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé, sọ̀kalẹ̀ wá sí bírò ìjọba. Ti Kẹ́yìndé ni ó kọ́kọ́ ṣe, gẹ́gẹ́ bó ti tọ́, nítorí Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé ṣáájú kí ó lọ tọ́ ayé wò. Lọ́sẹ̀ kejì ni ó padà wá fún ti Táyé, ó sì mú mi dání ṣe ògbufọ̀. Akọ̀wé béèrè oṣù tí wọ́n bí ọmọ náà.

"A ń wa iṣu lọ́wọ́ ni," ni Bàbá wí.

Lọ́dọ̀ wa, láti Oṣù Kẹjọ títí dé Oṣù Kejìlá ni a ń wa iṣu. Ó yẹ kí n tún béèrè. Dípò bẹ́ẹ̀, mo na ọrùn, mo sì fi Faransé tó ń dán dáhùn pé Oṣù Kọkànlá ni.

Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé akọ̀wé ló dárúkọ oṣù náà, tí èmi kàn mi orí. Mo wá ojú ewé ọjọ́ náà lọ nínú àkọsílẹ̀ mi. Gbólóhùn kan ni mo bá: "Mo bá Bàbá lọ sí bírò, Faransé mi dára lónìí."

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n kọ sí ìwé Kẹ́yìndé. Ọ̀gá ilé-ìwé to ìwé méjèèjì síwájú, ó gbójú sókè wo àwọn ọmọ tó jọra débi pé ìyá wọn gan-an a máa ṣì wọ́n pè.

"Ìyá yín bí ọ̀kan, ó wá sinmi oṣù mẹ́ta kó tó bí èkejì?"

"Ọ̀gá," ni Kẹ́yìndé wí, "Táyé ti máa ń pẹ́ lẹ́yìn láti ìgbà náà."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìwé méjèèjì bá jọ lọ, àwọn aláṣẹ ìdánwò yóò pè wọ́n ní ayédèrú, wọn yóò sì yọ àwọn méjèèjì. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè tún un ṣe, kò sì ní jókòó kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹnì kan ṣoṣo ni òun lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, Bàbá ní ẹ̀gbọ́n ni kí ó lọ. Táyé dorí kodò. Kẹ́yìndé ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó ń jù wọ́n sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, èmi ni mo rán an níṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún rán an. Èmi á ṣe tèmi lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo jókòó láàárín wọn. Mo mọ ohun tí mo sọ ní bírò, mo sì pa ẹnu mọ́.

Táyé yege, ó lọ sí yunifásítì ní Calavi. Afárá ni ó ń kọ́ káàkiri báyìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìsàn dá bàbá wọn dùbúlẹ̀, Kẹ́yìndé sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di àgbẹ̀ tí ọjà Glazoué ń retí iṣu rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Èmi kàwé títí, n kò rí èyí tó kọ́ mi bí mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un.

Lónìí, ibi tí wọ́n ti bí ọmọ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀, orí fóònù ni ó sì ti ń rí èsì ìdánwò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ń wo àwọn tó ń lọ, n kò sì yé béèrè ẹni tó dúró sẹ́yìn kí wọ́n tó lè lọ.

Mo sọ fún ọmọ náà pé ìwé rẹ̀ pé. Bí ó ti ń dìde, mo bi í, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí, ìdí tí bàbá rẹ̀ fi rán an sí mi nígbà tí olùkọ́ pọ̀ nílùú.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣe ògbufọ̀ nígbà ìwé ìbí àbúrò wọn, Bàbá Táyé," ni ó wí. "Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa yẹ ọjọ́ ìbí wò dáadáa tó yín."

Kẹ́yìndé ti mọ ohun tí mo sọ ní bírò láti ìgbà náà. Mo gba àpò ìwé náà padà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, mo sì ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹrin.