Ojú Bọ́tìnnì Lára Àga Takisí

Ẹsẹ̀ òsì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yí sínú nígbà tí wọ́n bí i. Dókítà ní àwọn kò ní tètè fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n á máa fà á bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi POP, ẹfun tó máa ń le bí ó bá gbẹ, dì í dé itan kí ó má bàa padà. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n á tú ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á di òmíràn. Ohun tí dókítà náà tẹnu mọ́ ni pé kí a má pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ, nítorí ẹsẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Orí omi, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í wálé lóòrèkóòrè. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni, mo ń wá iṣẹ́, mo sì ń gbé ní ilé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànràn. Nítorí náà, èmi ni mo ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọbìnrin kékeré tí kò tíì wọ iléèwé, máa ń bá wa lọ, torí kò gbà kí ìyá rẹ̀ fi òun sílẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ilé ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi sínú ilé náà kí ó tó di ìyàwó ibẹ̀, nítorí náà kò fi orúkọ pè mí rí. Akọ̀wé ló sọ mí. “Ẹ” ló sì ń fi bá mi sọ̀rọ̀, bí èmi náà ṣe ń fi bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a sọ ọmọ náà lórúkọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan fi àga ọmọdé ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì dè mọ́ inú ọkọ̀. A ò lò ó fún ọkọ̀. Inú rẹ̀ ni ìyá ọmọ ń tẹ́ ẹ sí bó bá ń ránṣọ. Ìgbà tí POP bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹsẹ̀ tó le gbagidi kò ṣe é pọ̀n. Mo sọ fún un pé mo kà á pé ọwọ́ ènìyàn kò lè di ọmọ mú bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Mo fi kún un pé n kò dán an wò, pé ohun tí mo kà ni mo sọ.

Ó ronú díẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé òun gbé orí máṣíìnì lẹ́sẹ̀ nínú takisí nígbà kan, òun fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, orí máṣíìnì náà sì fò lọ síwájú bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mú un. Ó ní, “Mo sì mọ̀ pé mo gbé e o. Oorun kọ́ ni mo ń sùn.” Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí lágbára ju ohun tí mo kà lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbé àga ọmọ lọ sí ọ̀nà.

Ìyá bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń jáde, ó ní, “Ọmọ tí ẹ bí, ẹ tún ń so ó mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ìyá, okùn náà ni kì í jẹ́ kí àgbò sọnù.” Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa.

Takisí tí a ń fi fóònù pè ni a máa ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bẹ́líìtì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ihò tí a ń ki irin rẹ̀ bọ̀ máa ń wà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo àga. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, á wá a kàn, á sì fà á síta. Mi ò rí i kí ó bínú sí dírẹ́bà kankan.

Túsìdeè tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún Iléyá ló máa bọ́ sí Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn kò sì ní ṣí yàrá POP lọ́jọ́ náà. Bí a bá pàdánù ti òní, ẹsẹ̀ ọmọ á lo ọ̀sẹ̀ méjì láìpààrọ̀ POP. Ọ̀sán sì ni wọ́n ń ti yàrá náà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé kò ní bẹ́líìtì rárá lẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó ní kí ó máa lọ. Ọkọ̀ kejì pẹ́ kí ó tó dé. Aṣọ aláwọ tuntun ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, wọ́n fà á le, wọ́n sì rán an pa yíká, ọwọ́ kò ríbi wọlé.

Dírẹ́bà náà, ará Ìjẹ̀bú kan tó dàgbà díẹ̀, kò fẹ́ kí a tú aṣọ náà. Ó ní, “Àlàájà, mọ́tò ni mo gbé wá, kì í ṣe bàálù. Ẹ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ká máa lọ.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ̀yin ti de bẹ́líìtì tiyín.”

“Torí àwọn tó ń mú wa lójú ọ̀nà ni.”

“Ẹ̀yin ń de tiyín torí ìjọba, ẹ jẹ́ ká de tọmọ torí ọmọ.”

Mo fa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ewu ẹsẹ̀ dájú, ewu ọ̀nà kò dájú, kí a lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ṣì rò pé ìṣirò yẹn kò burú.

Ó ní, “Akọ̀wé, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wá ọ̀nà kẹta ná.”

Ó padà sínú ọkọ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ aṣọ àga náà títí ó fi kan irin lábẹ́. Ó wá bẹ dírẹ́bà pé òun á la ojú bọ́tìnnì kan síbẹ̀, òun á rán etí rẹ̀ kí ó má ya, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun á rán odindi òmíràn fún un. Ọkùnrin náà wo máṣíìnì tó wà níwájú ilé, ó wo ọmọ, ó wo ẹsẹ̀ funfun gbọọrọ náà. Ó ní, “Ẹ má sọ mọ́tò mi di bùbá o.”

Mo sáré gbé àlùmọ́gàjí wá, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú líle tó ń rà ní ọjà Jankara fún báàgì. Ó la aṣọ náà, ó rán etí rẹ̀ yíká, ó fa ihò bẹ́líìtì síta. Àga ọmọ jókòó, kò mì. Inú mi ń gbóná nítorí àkókò, mo rò pé ó ti tán, àfi bó ṣe bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Dírẹ́bà bi í pé kí ló tún kù.

“Ó ní ẹ̀gbọ́n.”

Ó la èkejì fún ọmọbìnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín wọn láìde nǹkan kan. Mo rí i, kò sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí àyè mọ́.

Lórí afárá Third Mainland, àwọn ọkọ̀ ń sáré kọjá wa. Dírẹ́bà náà rọra ń lọ. Bóyá ìwà rẹ̀ ni, bóyá nítorí ohun tó rí ni, n kò lè sọ. Kò sí ohun tó ṣe wá lójú ọ̀nà, nítorí náà n kò lè sọ pé bẹ́líìtì gba ẹnikẹ́ni là lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé obìnrin kan wà láàárín ohun méjì tó ń bà á lẹ́rù, kò sì gbà kí ìbẹ̀rù ọ̀kan mú òun pa èkejì tì. Mo ti rí àwọn tó mọ̀wé púpọ̀, n kò rí irú ìfarabalẹ̀ yẹn lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí a dé, ọkùnrin tó ń di POP ti bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi wá pé níbo la wà láti àárọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, àwọn ń wá ibi tí ọmọ máa jókòó sí ni. Nọ́ọ̀sì náà wo àga tó wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó tún wọ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá.

Ó tú POP àtijọ́ kúrò. Ẹsẹ̀ náà tín-ín-rín, ó funfun, awọ rẹ̀ ń ṣí. Kí wọ́n tó di tuntun, ìyá ọmọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ó na ọwọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kékeré náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó yí sínú náà tẹ́ pẹrẹsẹ.