Àyè Àwòrán Bàbá Mi

Ibikíbi tí mo bá ti gbóòórùn òróró tí wọ́n fi ń nu àga onígi, inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí bàbá mi ti ṣe pásítọ̀ ní ìlú Park Forest lókè òkun lọ́kàn mi ń lọ.

Àwòrán àwọn pásítọ̀ tó ti sìn níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tò sára ògiri. Ọjọ́ tí pásítọ̀ bá ń lọ ni ìjọ máa ń gbé tirẹ̀ kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, Dádì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nu eruku ojú wọn, ó ń fi ìwé ìròyìn wé wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ló wí fún àwòrán pásítọ̀ onírùngbọ̀n tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òrùlé ilé náà. "Ẹ ti dúró pẹ́. Ẹ wá jókòó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣebí a fẹ́ kun ògiri ni.

"Dádì, ìgbà wo ni wọ́n máa gbé tiyín kọ́?"

Màmá mi, tó ti shift dé tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì, ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Mú tape wá."

"Fi í sílẹ̀," Dádì dáhùn. "Ọmọ mi, níbo ló dáa kí n wà?"

Mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

N kò mọ̀ nígbà náà pé èèyàn mẹ́sàn-án tó kù nínú ìjọ ti dìbò láti ta ilé náà, àti pé pásítọ̀ tó bá kẹ́yìn kì í rí ẹni gbé tirẹ̀ kọ́.

Dádì lọ síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, sà," mo wí.

Ó gbìyànjú.