Ọjọ́ Tí Ernestine Gbé Akọrin Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Ernestine Bolden kò fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ló fi gbogbo ayé ẹ̀ wà ní ìlú Carbondale níbí. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ gbé ti ń kó ọmọ tiwọn lé e lọ́wọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fi yangàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ akọrin yìí ṣe dùn mọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tí Clovis ọkọ mi kú, àwọn ará ìjọ gbé kéèkì wá, wọ́n gbé àdúrà wá. Ernestine kò gbé nǹkan kan wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Clovis ti ṣàìsàn, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì.

"Odessa, ta ló ń sùn síbí báyìí?"

"Ta lo fẹ́ kó sùn síbẹ̀? Òkú?"

"Mo ní ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Àwọn obìnrin tó fẹ́ ṣẹ́yún ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, àwọn tí òfin ìpínlẹ̀ tiwọn ní gúúsù ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kò gbà fún, tí wọn kò sì ní ohun tí wọ́n máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tí òfin ti gbà á. Ẹgbẹ́ ń din ẹja tà lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ń tọrọ, wọ́n ń san owó ọkọ̀ àti ti dókítà. Ernestine ń wakọ̀. Èmi ń se ọbẹ̀ adìẹ, mo sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í dà: a kì í bèèrè ìdí, a kì í bèèrè orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ, á sọ.

Èmi náà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ akọrin náà, torí ilé sú mi. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tó ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Mississippi á wọ kóòtù búlúù. Bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀, ọmọbìnrin kan já bọ́ pẹ̀lú kóòtù búlúù, ó di ikùn mú, ojú ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fẹ́ bì.

Ernestine ṣílẹ̀kùn fún un. "Ìwọ là ń dúró dè. Wọlé, ọmọ mi. Kò pọn dandan kó o sọ nǹkan kan."

Ọmọ náà wọlé. Kò sì sọ nǹkan kan lóòótọ́.

Ernestine ń tù ú nínú bá a ṣe ń lọ. "Má bẹ̀rù. Kì í pẹ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ èèyàn tọ́jú."

"Ẹ ṣeun, mà."

"O jẹun?"

"Díẹ̀ ni, mà. Tí mo bá yó, ohùn mi kì í já gaara."

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí i so pọ̀. Àmọ́ àṣà ni àṣà.

A dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Àwọn onípátákó tó lòdì sí oyún ṣíṣẹ́, tó máa ń dúró síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wa. Ọmọ náà wò wọ́n, ó wò wá.

"Mà, ṣé torí orin ni wọ́n ṣe ń bínú báyìí?"

"Orin wo?"

"Yunifásítì ló ní kí n wá kọrin lọ́sàn-án yìí kí wọ́n tó gbà mí. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi ló ní òun á wá gbé mi. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ernestine kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó di sítíárìn ọkọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu.

"Mo ti fi ẹnì kan sílẹ̀," ló wí.

Ó pe ẹgbẹ́ lórí fóònù, ó ní kóòtù búlúù ti tan òun jẹ. Wọ́n ní fóònù obìnrin náà ti kú. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ kò fún un ju òní àti ọ̀la lọ. Bí òní bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí dókítà tó lè rí i. Ernestine ti yí ọkọ̀ padà kí wọ́n tó sọ tán.

"Kóòtù búlúù?" ni ọmọ náà wí lẹ́yìn wa. Delphine lorúkọ ẹ̀. "Àǹtí tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́ náà! Ó fún mi ní bisikíìtì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló yà sí nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ wá pàdé òun, òun ò mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run lòun gbójú lé."

"Ọlọ́run kọ́ ló ń wakọ̀," ni Ernestine dáhùn. "Èmi òpònú yìí ni."

Nígbà tá a padà dé ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì tó ń padà sísàlẹ̀ ti ń kùn. Àwọn èrò ti ń wọlé. Mo rí kóòtù búlúù níwájú, ẹsẹ̀ kan ti wà lórí àtẹ̀gùn. Orúnkún Ernestine kò ṣeé fi sáré, tèmi burú ju tiẹ̀ lọ. Delphine bẹ́ sílẹ̀, ó la ẹnu.

"Àǹtí oníbisikíìtì!"

Ohùn tí yunifásítì fẹ́ gbọ́, ibùdókọ̀ wa ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó bo ìró ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn yíjú, obìnrin náà yíjú pẹ̀lú wọn, ó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn.

Obìnrin kan tó dé fìlà gbàràgàdà, ọ̀rẹ́ àǹtí Delphine, ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wa. "Ta ló jí ọmọ tí wọ́n ní kí n wá gbé?"

"Mo yá a ni, mà," ni Ernestine wí. "Òun rèé, mi ò fi nǹkan kan họ ọ́ lára."

Onífìlà gbé Delphine lọ kọrin, obìnrin oníbisikíìtì wọ ọkọ̀ wa. "Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi," ló sọ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ernestine kàn ń sáré, eré tí ì bá gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ń gbé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ṣì dúró de obìnrin náà nílé ìwòsàn. Ó wọlé.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó nílé ìdáná mi, ó ń jẹ ọbẹ̀ adìẹ, ara tù ú.

"Àtàárọ̀," ló ní, "ẹ ò bi mí ní nǹkan kan."

"Àìbèèrè ọ̀hún ló kó bá mi," ni Ernestine fèsì. "Bí mo bá bèèrè ni, ṣé akọrin ni ǹ bá gbé wá fún dókítà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi dà sí i láyà. Nígbà tó nù ún tán, ó ní, "Renita ni mò ń jẹ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì Clovis, ó sì hanrun bí Clovis náà ṣe máa ń hanrun. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀, mò ń gbọ́ ọ.

Láti ìgbà yẹn, Ernestine ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ibùdókọ̀. Á ṣílẹ̀kùn, á wo ojú obìnrin náà, á ní: "Ọmọ mi, ṣé orin lo wá kọ?"

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí Ernestine ń sọ, tiwa ni.