Àǹtí Tí A Pè Ní Tiwa

Òórùn obì tí a rẹ sómi kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń fi yangàn. Bí èèpo funfun ara rẹ̀ bá ti ń jẹrà, á máa rùn bí ẹ̀wà àná tó ti kan, á wọ abẹ́ èékánná lọ, ọṣẹ ò sì ní ràn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣàgámù ń rùn lọ́sàn-án ọjọ́ tí Àǹtí tó ń kọ́ ọmọbìnrin mi ní kíláàsì kẹta kọ́kọ́ wá bá mi, níbi tí èmi àti ìyá ọkọ mi ti ń bó obì. Ojú tì mí. Mo fẹ́ sáré wọlé lọ gbé àga, ó ní kí n má ṣèyọnu, ó da ojú apẹ̀rẹ̀ kan dé, ó jókòó lé e. Títí tó fi sọ̀rọ̀ tán, kò fọwọ́ bo imú.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo wá bá yín níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ etí ọmọ yín ni mo bá wá."

Etí kẹ̀? Mo ti rò pé ẹjọ́ olórí kunkun ló wá rò, nítorí ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, rántí bí mo ṣe máa ń fi ọmọ yẹn sùn kiri. Aláìgbọràn ni mo ń pè é. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, mo ti gbá a létí nìyẹn. Àǹtí wá ṣàlàyé fún mi pé bí òun bá dúró lápá òsì ọmọ náà pè é, kò ní wojú òun rárá, ṣùgbọ́n bí òun bá bọ́ sápá ọ̀tún, á ti jẹ́ òun kí òun tó pe orúkọ rẹ̀ tán. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló ti fi dán an wò kó tó wá. Àṣé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ti ń fi bú ọmọ aláìṣẹ̀: kò gbọ́ràn lóòótọ́. Ìyá ọkọ mi dá obì ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́, ó ní etí òsì yẹn náà ni ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń bà.

Dókítà tí a gbé e lọ bá sọ ohun tí Àǹtí sọ gẹ́lẹ́, ó sì ní etí òsì náà ò lè padà bọ̀ sípò mọ́. Àǹtí gbé ọmọ wá síwájú, síbi tí etí ọ̀tún rẹ̀ á ti máa kọjú sí òun, ó sì máa ń dá a dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé. Kí sáà yẹn tó parí, ọmọ tí kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù sí mi létí, tí mo bá ní kó dákẹ́, á tún kà á sí i.

Tíṣà Pí-Tí-Éè ni Àǹtí yìí. Bí o ò bá rán ọmọ lọ síléèwé ìjọba rí, ó lè má yé ọ. Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì kẹta ló fẹ̀yìn tì, ìjọba ò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, làwa òbí bá fohùn ṣọ̀kan, a wá ẹnì kan fúnra wa, àwa la sì ń dáwó san owó oṣù rẹ̀. Òde Rẹ́mọ ló ti ń wọ takisí wá lójoojúmọ́, ó sì máa ń dé ṣáájú àwọn olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ọgbà iléèwé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ parí, ó sọ fún mi, nítorí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí, pé iléèwé aládàáni kan nítòsí oríta Intaṣéńjì ń pe òun. "Ó wù mí kí n dúró ti àwọn ọmọ yìí, Màmá. Kí n ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yin òbí fẹ́ mi níbẹ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní a máa fi hàn án pé a mọyì rẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ṣá.

Èmi gan-an ni mo dá a lábàá nípàdé pé kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Inú gbogbo èèyàn dùn sí i. A fẹnu kò lórí kúlà oúnjẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sára tirẹ̀. Orúkọ mẹ́wàá ni mo kọ, mo sì ń kà á jáde. Bí mo ṣe dé orí ìkẹwàá, tí í ṣe ti Àǹtí, alága wa, bàbá kan tó ti fi ọkọ̀ èrò jẹun dàgbà, gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Akọ̀wé, ti ìjọba là ń kí. Ìyẹn, tiwa ni. Ṣé èèyàn máa ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́ ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. O mọ ẹnu mi, o mọ̀ pé kò sí oníbàárà tó lè rẹ́ mi jẹ kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ti sọ lẹ́yìn mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé tìtorí ọmọ mi tí Àǹtí ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni mo ṣe ń sá sókè sá sódò. Mi ò fẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo fa ìlà lé orúkọ náà. Rúlà ni mo tiẹ̀ fi fà á, kó lè gún.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Àǹtí ló kọ́ àwọn ọmọ lórin tí wọ́n fi máa kí àwọn olùkọ́. Òun ló to àga. Òun náà ló bá mi kó kúlà sílẹ̀ nínú takisí, ó ń ka orúkọ ara wọn bó ṣe ń tò wọ́n sórí tábìlì. Nígbà tó gbé ìkẹsàn-án sílẹ̀, ó padà síbi bùútù, ó wo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Tiwa lẹ̀yin."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Ẹ kú ìnáwó." Ó sì rọra pa bùútù náà dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ọ̀gá iléèwé kọ́kọ́ jáde, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, àtẹ́wọ́ ń dún, àwọn ọmọ ń hó. Àǹtí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, òun náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ tán, ọmọ mi fà mí láṣọ, ó ní, "Màámi, ṣé wọ́n ti pe Àǹtí wa? Mi ò gbọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n dìde. Èmi ni akọ̀wé. Ká ní mo sọ pé orúkọ kan ṣẹ́kù, wọn ì bá dúró, alága náà ì bá gbà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tẹ orí ba sí etí ọ̀tún ọmọ mi, mo ní, "Wọ́n ti pè é. Ìwọ ni o ò gbọ́." Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú èmi àti Àǹtí ṣe mẹ́rin. Kò jìnnà sí wa rárá. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó yíjú kúrò.

Nígbà tí iléèwé wọlé padà, kò wá. Mo wá a lọ sí Òde Rẹ́mọ, mo gbé kúlà kan dání tí mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó fún mi lómi, ó béèrè àlàáfíà ìyá ọkọ mi. Bí mo ṣe jù ú lọ tó, mo kúnlẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó sáré fà mí dìde. "Mo ti forí jì yín, Màmá. Ti kúlà kọ́ ló dùn mí." Kò sọ èyí tó dùn ún, kò sì gba kúlà náà. Ó ṣáà ní kí n sọ fún ẹni tó bá máa kọ́ ọmọ mi ní kíláàsì kẹrin pé kó jẹ́ kó máa jókòó síwájú.

Títí di òní, àwọn tó jẹ akọ̀wé lẹ́yìn mi máa ń wá bi mí léèrè ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ òbí fún olùkọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀bùn rírà ò ṣòro, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹni tó ń to àga. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé Àǹtí nìkan ni mo kó lẹ́rù.

Ọmọ mi ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Láìpẹ́ yìí ni mo bi í ìdí tí kì í fi í nawọ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ Àǹtí, tí gbogbo èèyàn gbọ́, tí òun nìkan ò gbọ́, lòun ti mọ̀ pé etí ọ̀tún òun náà ò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo sọ òótọ́ fún un, pé wọn ò pe Àǹtí rárá. Mo ń retí kó bi mí ìdí tí mo fi purọ́.

Ó ní, "Ṣé Àǹtí gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Ó gbọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó dun Àǹtí. Etí kan ṣoṣo tó kù fún ọmọ mi, tí obìnrin náà fi odidi ọdún kan kọ́ ọ láti gbọ́kàn lé, òun ni mo fi bo ìtìjú ara mi mọ́lẹ̀.