Farabalẹ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí

Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n ti obìnrin yìí yàtọ̀: ìwà rẹ̀ ló ṣíwájú, kí orúkọ tó wá bá a. Onídìrí ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń dirun nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó ní àga mẹ́ta, dígí gbọọrọ kan, àti fèrèsé méjì tó kọjú sí òpópónà. Òòyà kan kò gbọdọ̀ kan orí ẹni méjì láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ láàárín. Bí irun bá já bọ́ sílẹ̀, ìgbálẹ̀ á ti dé ibẹ̀ kí irun náà tó mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ẹni tó ni ín. Bí àwọn oníbàárà ṣe sọ ọ́ di Àǹtí Mọ́tótó nìyẹn.

Ohun méjì ni Àǹtí Mọ́tótó kò fẹ́ rí: ìdọ̀tí àti ajá. Ti ajá ti pẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ajá aládùúgbò lé e títí tó fi gun orí ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ibẹ̀ ló sì jókòó sí tó ń ké títí wọ́n fi wá gbé e sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bó bá rí ajá ní apá ọ̀tún, òsì ni yóò gbà.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bùọ̀dá Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ilé ń pè é, torí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń tò. Wọ́n fẹ́ rán an lọ sí ìlú òkèèrè láti lọ to ẹ̀rọ tuntun, ilé tí wọ́n sì fẹ́ fi í wọ̀ níbẹ̀ kò gba ajá. Ó wá fa ajá pupa kan lọ́wọ́, onírun kíki, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò.

"Ìyàwó wa," ló sọ, "oṣù mẹ́rin péré ni. Àbúrò mi ní kí n bi ọ́. Ajá yìí kì í ṣe ajá o, èèyàn ni."

Ẹnu ń yún Àǹtí Mọ́tótó láti sọ pé bó bá jẹ́ èèyàn, kò níí máa fi ahọ́n fọ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Ó gbé itọ́ mì.

"Ó dáa, Bùọ̀dá mi. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Farabalẹ̀."

Orúkọ yẹn nìkan tó láti da ṣọ́ọ̀bù rú. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, kò lè fa ajá lọ sí kíláàsì; wọn ò sì lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan nílé. Ṣọ́ọ̀bù ló ń bá Àǹtí lọ lójoojúmọ́. Nígbàkigbà tó bá sì pariwo pé, "Farabalẹ̀!", gbogbo ẹni tó wà lórí àga á dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n á na ọrùn gbọọrọ. Ajá nìkan ni kì í gbọ́.

Àǹtí Mọ́tótó wá wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí irun pupa, ó rí ipa ẹsẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Tẹ́lẹ̀, ìdérí ìgò òògùn apakòkòrò kan ló máa ń bù sí omi gáálọ̀nù kan láti fi nulẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ajá dé, ó di kọ́ọ̀bù kan gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Òórùn rẹ̀ ń mú àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì sín. Kì í sì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Farabalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Kì í ṣe híhọ eré. Bó bá fi ẹsẹ̀ họ ikùn tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀, á lá a títí irun ibẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ra. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àǹtí tó ń fọgbọ́n sá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti inú dígí.

Ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ṣe rí: kò sí àìsàn tí kò ní dókítà níbẹ̀. Ìyá Ọ̀gá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ní kerosíìnì ni kí wọ́n fi pa á lára. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní irọ́ ni, aáyù àti àlùbọ́sà ni, kí wọ́n gún un, kí wọ́n fi lé e lára, kí wọ́n sì fún un jẹ díẹ̀. Kò tilẹ̀ fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e dé nínú abọ́.

Ṣùgbọ́n Àǹtí ti gbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀ ṣáájú. Ó ti da ọṣẹ ìfọrun tó wọ́n jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, olóòórùn òdòdó, lé ajá lórí láti òkèèrè, ó sì fi rọ́bà omi ṣàn án. Farabalẹ̀ ń ta sánsán, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ń fi ikùn wọ́ ilẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tuntun. Ẹkún yẹn ló mú Àǹtí gbé fóònù, tó ka gbogbo ìmọ̀ràn àwọn ará ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Má fi nǹkankan pa á mọ́ o!" ni Bùọ̀dá Ẹ́ńjìnnì pariwo lórí fóònù. "Àlùbọ́sà kẹ̀! Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko."

Ilé ìwòsàn ẹranko náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó ní tábìlì gíga kan, ó sì di dandan kí ẹnì kan gbé ajá lé e. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kúkúrú kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, di ẹ̀yìn ajá mú, ó ní, "Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú, Mà."

Àǹtí Mọ́tótó wo ẹnu ajá, ó wo ẹnu ọ̀nà. Farabalẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe ń gbọ̀n yẹn ló jọ ti ọmọdé tó rí òòyà lọ́wọ́ onídìrí, ìyẹn sì ni Àǹtí mọ̀ jù láyé. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn etí ajá, ó ń sọ pé, "Ó ti tó, ó ti tó, kò ní pẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ọwọ́ kan ajá láyé rẹ̀.

Dókítà tú irun rẹ̀ wò níbi ẹ̀yìn, ó wo inú etí, ó wo abẹ́ ìrù. "Kò sí eégbọn, kò sí yọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán." Ó yí i padà. Ikùn rẹ̀ pọ́n, ìgúnpá rẹ̀ pọ́n, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Ibi tó ń kan ilẹ̀ nìkan ló ń yún un. Ibo ló máa ń dùbúlẹ̀ sí?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tóní, Dókítà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń fi òògùn nù ún lójúmọ́, kọ́ọ̀bù kan gbáko."

Ojú Dókítà ti kúrò lára ajá. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Àǹtí kọ́kọ́ fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó mú un jáde. Àárín ìka rẹ̀ ti sán, ó pọ́n, awọ ibẹ̀ ń bó. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí omi gbígbóná ti ń ta á lọ́wọ́ bíi pé ó fi ata pa á, tí kò sì lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ tó fi ń rán irun mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé ọjọ́ orí ni.

"Èmi kì í ṣe dókítà èèyàn," ni obìnrin náà sọ, "ẹ lọ rí wọn ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n lójú mi, ohun tó ń yún ajá yìí náà ló ń yún yín. Òògùn yẹn ti le jù. Ajá ò wọ bàtà, ẹ̀yin náà ò sì wọ ìbọ̀wọ́."

Ó dun Àǹtí Mọ́tótó. Ohun tó ń fi yangàn láti ọdún mọ́kàndínlógún, òun náà ló ń ṣe ọwọ́ rẹ̀ báyìí! Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Farabalẹ̀ sì gbé àgbọ̀n lé bàtà rẹ̀.

Dókítà fún un ní òògùn ọjọ́ márùn-ún fún yíyún náà, ó wá ń sọ ìyókù bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Omi lásán àti ọṣẹ tí kò le ni kó máa fi nulẹ̀, kó sì ṣàn án dáadáa. Kó tẹ́ ẹní fún ajá. Bí ajá bá ti ìta dé, kó fi omi tútù ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kó nu àárín ìka gbẹ. Níbi tí awọ bá ti gbẹ, tí kò sì bó, kó fi òróró àgbọn díẹ̀ pa á, èyí tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí.

"Bó bá lá a ńkọ́?"

"Bó bá lá díẹ̀, kò burú. Kó má ṣáà sọ ọ́ di ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó ń sun omi tàbí tó wú, ẹ má fi òróró tàn mí jẹ o, ẹ mú un wá. Aáyù àti àlùbọ́sà, ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu rẹ̀ rárá, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kerosíìnì ńkọ́? Iná ni wọ́n ń fi í dá, ẹ fi sílẹ̀ fún iná."

Nígbà tí aránṣọ gbọ́ pé wọ́n da abọ́ rẹ̀ nù, ó bínú. "Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi!"

"Ṣé ajá ni wọ́n ń fi wò?" ni Àǹtí bi í.

Aránṣọ ronú díẹ̀. "Rárá. Ikọ́ ni."

Àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bú sẹ́rìn-ín, òun náà kò lè mẹ́nu dúró.

Kò rọrùn fún Àǹtí. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan da àwọ̀ ìpara-irun sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé ìgò òògùn apakòkòrò, ó ti dà á, ó ti nu ilẹ̀ kó tó rántí. Farabalẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó kàn ń wò ó. "Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí sọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì fi omi gáálọ̀nù mẹ́rin ṣan ilẹ̀ náà kí ajá tó gbà láti wọlé.

Lọ́sàn-án tí oníbàárà bá dá, ó máa ń ya irun Farabalẹ̀ bó ṣe ń ya ti èèyàn, ìlà kọ̀ọ̀kan, á fi òòyà onírin gbọn irun tó ti kú kúrò. Ẹ wo ọwọ́ onídìrí! Ajá á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á máa hanrun. Ikùn rẹ̀ funfun padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ Àǹtí pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìpara tí ọsibítù fún un, ṣùgbọ́n òun náà jinná. Lọ́jọ́ tó fi òwú sínú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pe ọkọ rẹ̀ ní kíláàsì láti sọ fún un.

Oṣù mẹ́rin pé, ó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá, Bùọ̀dá Ẹ́ńjìnnì dé. Farabalẹ̀ fò mọ́ ọn débi pé àga kan dojú dé. Àǹtí gbé àpò kan fún un: òòyà, aṣọ ìnura, òróró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlàyé sílẹ̀, ó kà á, ó kà á.

"Ìyàwó wa," ni Bùọ̀dá sọ, ẹ̀rín ń pa á, "èmi ni mo fún ọ ní ajá yìí tọ́jú, àbí ìwọ lo fẹ́ fún mi?"

Wọ́n lọ. Àǹtí gbálẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń sunkún títí Ìyá Ọ̀gá fi na áńkáṣífì sí i láti abẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun.

Nísinsìnyí, ọjọ́ Ajé tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń wà pẹ̀lú òòyà àti bàsíà omi. Bùọ̀dá Ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ padà wá fún ìyarun, ló bá di pé aládùúgbò kan tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn tẹ̀ lé ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan mú ajá kékeré kan dé, irun ti pá lójú kan lẹ́yìn rẹ̀, ojú ibẹ̀ ń sun omi.

"Wọ́n ní ẹ ní òróró kan," ni bàbá náà sọ.

Àǹtí Mọ́tótó tẹjú mọ́ ọn, ó mi orí. "Bàbá, ti òróró kọ́ nìyí." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́, ó sì gbé ajá náà mọ́ àyà. "Ẹ jẹ́ ká lọ, mo mọ ilé dókítà."