Ìkúnlẹ̀ Níwájú Mọ́tò

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nípa ẹ̀kọ́ náà ni pé òfin rẹ̀ dára. Ká ní òfin burúkú ni, ǹ bá bá olùkọ́ wa fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí n sì gba ilé mi lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà, ará Kutọnu kan tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, là á yé wa ní Faransé: nígbà tí a bá ń yọ mọ́tò nínú ẹrẹ̀, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ iná àfi tí ojú rẹ̀ bá wà lára adarí, ẹni tó dúró níwájú tó ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un. Bí adarí bá pòórá níwájú rẹ̀, kó pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé onítọ̀hún ti ṣubú sẹ́nu táyà. Ta ni yóò bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú àlejò gun òkè Ìdáàṣà. Àwọn tó bá wá gbàdúrà ní Arigbo lóṣù kẹjọ, bí wọ́n bá ti jọ́sìn tán, wọn a ní àwọn fẹ́ rí orí òkè, èmi a sì ṣíwájú wọn. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ nígbà náà. Ní báyìí, kátíkátì ni wọ́n ń gbé wá, àwọn mọ́tò gìrìwò tí táyà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fẹ́ fi wọ́n gba ọ̀nà oko nínú òjò. Ẹgbẹ́ tó ń pè wá síṣẹ́ wá ní ẹni tí kò bá yege nínú ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń yọ mọ́tò kò ní í ṣíwájú àlejò mọ́. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Mi ò ní òmíràn.

Nínú gbogbo ilẹ̀ Ìdáàṣà, ibo ni wọ́n rí tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa? Ọ̀nà oko abúlé ọkọ mi, lápá Tré. Olùkọ́ ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló ki jù. Òótọ́ ni, ó ki. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, àna mi ni. Ẹni tó bá ti wà láyé kí n tó wọlé ọkọ, ọkọ ni mò ń pè é, ì báà jẹ́ ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ìyàwó ilé kì í sì í wà lóòró kí ọkọ.

Ẹ wo bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ti wa ẹrẹ̀ kúrò nídìí táyà, a ti yọ lára afẹ́fẹ́ wọn kí wọ́n lè tẹ́ kí wọ́n sì di ilẹ̀ mú, a ti ki pákó bọ abẹ́ wọn. Mo dúró níwájú, mo na ọwọ́, awakọ̀ tẹ iná, mọ́tò sì ń gun pákó bọ̀. Bàbá kan yọ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Imú mọ́tò náà ga, awakọ̀ ò rí mi mọ́, ó pa á. Mọ́tò yọ̀ sẹ́yìn kúrò lórí pákó, ó rì ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tún gbé ṣọ́bìrì.

Bàbá ò tíì lọ jìnnà tí àwọn obìnrin tó ru gbágùúdá fi dé. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè bóyá mọ́tò náà ti kú ni. Ó tún rì. Olùkọ́ ká ọwọ́ lérí, ó ní ṣé orúnkún mi ń dùn mí ni. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní kí n máa juwọ́ sí wọn. Ọkùnrin ará Paouignan kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó lè rẹ́rìn-ín. Òun kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣe ọkàn akin. Mo wà lóòró, mo kàn tẹrí ba fún àwọn tó ń kọjá. Mọ́tò jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi délé. Ìyá ọkọ mi ń bó iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò dá ìkíni mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo nàró gbagidi kí àwọn àgbà, pé ṣé mọ́tò ló fẹ́ mi sílé ni. Ara mi gbóná. Mo ti pa ọ̀rọ̀ mọ́ra tó.

Mo ní, "Ìyá, ọ̀la ni ìdánwò. Bí mo bá kúnlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, mo di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bá mi mú ọ̀kan níbẹ̀."

Wọ́n ní kí n lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Gbogbo èsì tí mo rí gbà nìyẹn. Mo fi ìbínú sùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mọ́tò ti dé àárín pákó nígbà tí mo rí àwọn ará oko tí wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìyá ọkọ mi sì ni wọ́n ṣíwájú, ẹrù igi lórí wọn. Mo ní ìyá ti wá fi ojú ara wọn rí i. Gbogbo ara ní kí n kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n la ẹnu kí mi.

Ìyá ò kí mi. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n na apá méjèèjì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀.

"Ẹ dúró síbẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má kí i."

Bàbá ọlọ́kọ́ ti ọjọ́sí ń ráhùn pé òòrùn ń pa àwọn. Ìyá ò yẹ̀ fún wọn. Omi lé ròrò sí mi lójú, inú sì ń bí mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọn ì bá ti ṣe èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ṣáà na ọwọ́, mi ò ṣẹ́jú, títí mọ́tò fi gun ilẹ̀ gbígbẹ. Olùkọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo yege.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi yíjú padà. Wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wo ṣòkòtò tí mo wọ̀, wọ́n wo ẹrẹ̀ tó wà láàárín wa.

"Ó ti jáde," ni wọ́n wí. "Kúnlẹ̀ wàyí."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sì kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti orí ìyá ni mo ti bẹ̀rẹ̀.